Eyín Gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Ohun tí Ẹran Orí Òkè Ń Jẹ

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ẹran. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó gbé mi dé ìdí rẹ̀: ilẹ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀, tí kò sì sí àgbà tí ó lè pìtàn rẹ̀ mọ́, ta ni yóò jẹ́rìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Mo dá a lóhùn pé eyín lè jẹ́rìí.

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹran ìgbẹ́ ń jẹ ní láti máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri, tàbí kí ó pa á, kí ó sì la ikùn rẹ̀ wò. Ti àkọ́kọ́ gba sùúrù púpọ̀. Èkejì kì í sì í sọ ju oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀ lọ. Bí ẹran náà bá wá ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ńkọ́?

Ọdún 1913 ni Frederick Soddy kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà, ìsótóòpù, nínú ìwé. Kì í ṣe òun ni ó ronú kàn án o. Obìnrin oníṣègùn kan, Margaret Todd, ni ó fa ọ̀rọ̀ náà yọ láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ibi kan náà". Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ rẹ̀ ni, nítorí àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa fò ó dá. Ìsótóòpù dà bí ìbejì tí ìwà wọn jọra, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ. Nínú 100 kábọ́ọ̀nù, èyí tí ó wúwo, kábọ́ọ̀nù 13, kò ju bí 1 lọ. Kábọ́ọ̀nù 12 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ìyókù. Àwọn méjèèjì kì í ṣá bí kábọ́ọ̀nù 14 tí a fi ń ka ọjọ́ orí eegun. Ní 1939, Alfred Nier àti Gulbransen ṣàkíyèsí ní Amẹ́ríkà pé èyí tí ó wúwo náà kò dọ́gba nínú ohun gbogbo: ó kéré nínú ewéko ju bí ó ti wà nínú òkúta ẹfun lọ.

Ní 1966, Hatch àti Slack, tí wọ́n ń ṣèwádìí lórí ìrèké ní Australia, fi hàn pé ọ̀nà tí àwọn ewéko kan ń gbà sọ afẹ́fẹ́ di oúnjẹ yàtọ̀. Ìrèké, àgbàdo, ọkà bàbà àti ọ̀pọ̀ koríko ilẹ̀ gbígbóná wà ní ẹgbẹ́ yìí, tí a ń pè ní C4. Ìrẹsì, ẹ̀wà, iṣu àti igi gbogbo, àyàfi díẹ̀, jẹ́ C3. Kábọ́ọ̀nù tí ó wúwo pọ̀ nínú C4 ju C3 lọ, ìyàtọ̀ náà sì tó bíi 14 nínú 1,000. Nígbà tí ó di 1978, DeNiro àti Epstein fi ẹ̀rí hàn pé ara ẹ̀dá ń tẹ̀ lé oúnjẹ rẹ̀ tímọ́tímọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Láti ìgbà náà ni òfin kan ti rọrùn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà: ẹran tí ó bá ní àmì C4 lára, ajẹko ni, èyí tí ó bá ní ti C3, ajẹwé ni.

Orí òkè ni òfin náà ti fọ́. Ní 1979, Tieszen, Imbamba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí koríko Kenya, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nísàlẹ̀ 2,000 mítà, C4 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo koríko ilẹ̀ gbalasa. Bí ènìyàn bá gòkè kọjá 3,000 mítà, níbi tí òtútù ti ń mú, C3 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Ẹfọ̀n tí ó bá ń jẹko lórí Òkè Kenya láti àárọ̀ di alẹ́ yóò wá dà bí ẹni tí kò fẹnu kan koríko rí. Ẹni tí ó bá fi òfin pẹ̀tẹ́lẹ̀ dá ẹjọ́ ẹran orí òkè, aláìṣẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi.

Ẹ wo ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní gelada. Lórí àwọn òkè Simien ní Etiópíà, níbi tí ó ga ju 3,000 mítà lọ, koríko ni olórí oúnjẹ rẹ̀, síbẹ̀ àmì C3 ni ó wà lára rẹ̀. Ní 2013, Cerling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde eyín àwọn ìbátan rẹ̀ àtijọ́ jáde, àwọn tí ó gbé Kenya láti mílíọ̀nù 4 ọdún sẹ́yìn títí dé mílíọ̀nù 1. C4 ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Nígbà tí ó yá, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ohun mìíràn mọ́. Ẹni tí kò bá bìkítà fún gíga ilẹ̀ yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn pé ìran ọ̀bọ yìí ti fi koríko sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Koríko mìíràn ni ó ń jẹ.

Nígbà mìíràn, òkè a tilẹ̀ máa ran olùwádìí lọ́wọ́. Irun ìrù erin ń gùn díẹ̀díẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń pa oúnjẹ ìgbà tí ó hù mọ́. Cerling àti àwọn mìíràn yẹ irú irun bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn erin Samburu, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Akọ erin kan nínú wọn a máa gòkè lọ sí igbó ẹ̀gbẹ́ Òkè Kenya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé C3 ni ó kún irú igbó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irun erin náà fi hàn pé ó ń rí C4 jẹ. Àwọn olùwádìí náà gbà pé oko ni ó ń wọ̀ lóru. Mo rò pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.