Gbẹ̀du Abẹ́ Ìjókòó: Bí Ohùn Ńlá Ṣe Wọ Ọkọ̀ Èkó

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn danfo tó ń gba Pedro kọjá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò mọ̀ pé etí kọ́ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ orin níbẹ̀. Ìdí ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, yóò gba ọ̀pá ẹ̀yìn gòkè, kó tó wá kan etí. Wúfà ni. Wọ́n ti gbé e sábẹ́ ìjókòó. Àwọn tó lówó ju ọlọ́kọ̀ danfo lọ náà ń ṣe é. Ẹni tó bá ra pick-up onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú Toyota Hilux, kò ní búùtù tó lè gbé sípíkà ńlá sí, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì ṣí sílẹ̀ fún òjò àti olè. Ohun tó kù fún un ni kó gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, kó kó jáàkì àti irinṣẹ́ kúrò níbẹ̀, kó sì ní kí káfíńtà kan àpótí tó máa wọ àyè náà.

Iṣẹ́ káfíńtà àti réwáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí. Àwa tí à ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ní tiwa rí ìtàn nínú rẹ̀. Ta ló ni ohùn tó wúwo láàrin wa tẹ́lẹ̀? Báwo ló ṣe dé abẹ́ ìjókòó awakọ̀?

Gbẹ̀du ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìlù ńlá ni, wọ́n gbẹ́ ọnà sí i lára, ọba ló sì ni ín. Kì í ṣe ìlù tí ẹnikẹ́ni lè gbé síta kó máa lù nítorí inú rẹ̀ dùn. Ìjòyè tó bá lù ú láìgba àṣẹ, ọ̀tẹ̀ ni wọ́n máa kà á sí, torí ẹni tó gba ohùn ọba ti ń wo ìtẹ́ ọba lójú nìyẹn. Gángan lè wà lọ́wọ́ onílù tó ń tọrọ owó lóde ìyàwó, sẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ìyá arúgbó, ṣùgbọ́n ohùn tó ń mi ilẹ̀ ní olówó rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ Èkó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe lónìí. Orin tó bá ti wọra, tó ń gbá àyà, gbẹ̀du ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún 17 ní Bàrígà lè sọ pé òun ní gbẹ̀du tuntun lórí fóònù òun, kò sì sí ẹni tó máa mú un lọ sáàfin.

Mẹ̀kúnnù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀ kí iná mànàmáná tó dé. Agídìgbo, tí Haruna Ishola lò nínú àpàlà rẹ̀, àpótí igi tó nínú ni, wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ ojú rẹ̀, ẹni tó ń ta á á jókòó tì í. Irin yẹn nìkan kò lè dún débi kankan. Àpótí ló ń sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ẹni tó bá ti yọjú sínú àpótí wúfà rí, tó rí bí ó ṣe ṣófo, ti rí ìbátan agídìgbo.

Ohùn tó gba inú wáyà wá kò kọ́kọ́ jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ Rediffusion ní Èkó: wọ́n fa wáyà wọ ilé àwọn tó ń sanwó, wọ́n fi àpótí kékeré kọ́ sára ògiri, ètò BBC láti Lọ́ńdọ̀nù sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Kò sí pé o fẹ́ yí i sí ibòmíràn. O lè dín ohùn rẹ̀ kù, o lè pa á, ó parí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà sọ ọ́. A máa ń ka orúkọ yìí nínú ìwé bí ìtumọ̀ rédíò lásán, ṣùgbọ́n lójú tiwa, àríwísí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbèsì, irú ẹni wo nìyẹn ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kí ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá?

Nínú ọkọ̀, rédíò ló kọ́kọ́ dé. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ àwọn Galvin gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola jáde. Síbẹ̀ ẹni tó wà ní ilé iṣẹ́ rédíò ló ń yan orin. Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips gbé jáde ní 1963, ló gba àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wá wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀, awakọ̀ ló di ọba orin. Bó bá jẹ́ ti Sikiru Ayinde Barrister ló wù ú, Barrister ni gbogbo èrò máa gbọ́. Bó bá jẹ́ ti Ayinla Kollington ni, ẹni tí kò fẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé inú wéré ni fújì ti jáde, orin àwọn ọ̀dọ́ tó ń jí mùsùlùmí dìde fún sààrì nínú oṣù Ràmádáànì. Orin tí wọ́n dá sílẹ̀ láti jí ènìyàn lójú oorun, ẹ ò lè retí pé kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Àyè tí wúfà jókòó sí náà ní ìtàn, ìtàn ẹ́ńjìnnì sì ni. Nínú bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní T2 àti èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Ooru rẹ̀ àti ariwo rẹ̀ ló jọba níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbé T4 jáde ní 1990, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lọ síwájú. Ìgbà tí tòkunbọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yìn ti ṣófo, ó ti tutù, àyè ti gba ẹni tó fẹ́ kan àpótí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí ojú ṣe rí i. Bí sípíkà bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fà á lẹ́yìn nígbà kan náà. Bí a bá gbé e kalẹ̀ lásán láìsí àpótí, ìró iwájú àti ti ẹ̀yìn á pa ara wọn, á kù gbọ̀ngbọ̀n tí kò lágbára. Ìdí tí àpótí fi gbọ́dọ̀ le nìyẹn, tí oríkèé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dí pinpin. Ìró tó ń gbọ̀n nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó mítà mẹ́jọ àtààbọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó gùn ju danfo fúnra rẹ̀ lọ. Abẹ́ ìjókòó pick-up kò sì ga. Wúfà oní-ínṣì 12 tó jinlẹ̀ kò ní wọ ibẹ̀ ní ìdúró, nítorí náà wúfà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń wá, oní-ínṣì 8 tàbí 10, wọ́n á sì máa dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n ní láti fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàrin ojú rẹ̀ àti ilẹ̀, kó lè rí ibi mí sí. Nígbà náà, irin ilẹ̀ ọkọ̀ á máa bá a gbọ̀n. Bí nọ́ọ̀tì kan bá tú níbikíbi nínú ọkọ̀ yẹn, ọjọ́ náà ni wàá mọ̀.

Iná wá ńkọ́? Bátìrì ọkọ̀ kò ju fóòtì 12 lọ. Ańpílífáyà tó bá máa jẹ wáàtì 1000 lóòótọ́ yóò fa ìwọ̀n áńpù 83 lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí iná iwájú àwọn ọkọ̀ kan fi máa ń ṣẹ́jú bí ìlù bá ti ń bọ́ lulẹ̀: bátìrì àti ọ́tánétọ̀ ń tiraka ni. Réwáyà tó mọṣẹ́ á lo wáyà tó nípọn, á sì fi fúùsì sí i nítòsí bátìrì, kì í ṣe nítòsí ańpílífáyà. Bí wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bá bó, tí ó kan irin, fúùsì yẹn nìkan ló wà láàrin èrò àti iná. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí torí owó, ẹ̀mí àwọn tó jókòó lórí àpótí ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ohun tó kan àwa gan-an rèé. Wúfà kì í sọ̀rọ̀. Ìró tí ó ń gbé jáde lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wà lọ. Sípíkà kéékèèké ara ilẹ̀kùn ló ń gbé ọ̀rọ̀. Bí ìró ìsàlẹ̀ bá sì pọ̀ lápọ̀jù, ó máa ń bo ìró tó ga jù ú mọ́lẹ̀. Nínú èdè tí ohùn nìkan ti ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, àdánù ńlá nìyẹn. Ẹ gbé àpàlà Haruna Ishola sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wúfà kò ní rí nǹkan púpọ̀ ṣe, torí ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú orin náà. Ẹ gbé fújì àtijọ́ sí i, oríkì tí Barrister fi odidi ẹ̀mí kà á di gbì-gbì-gbì. Àwọn orin ìgbà tiwa ni wọ́n bá wúfà mu láti ilé: láti ìgbà Gongo Aso tí 9ice gbé jáde ní 2008 àti Rapsodi tí Olamide ọmọ Bàrígà gbé jáde ní 2011, gbogbo ẹni tó ń po orin pọ̀ ló mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni orin náà ń lọ. Ṣùgbọ́n ìyanu kan wà níbẹ̀. Yorùbá ìta, pẹ̀lú ẹnà àti àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ló kún ẹnu Olamide. Ọkọ̀ á bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, àwọn èrò á sì fi ẹnu ara wọn dá a padà, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí. Àwa náà ti ṣe é rí, ìwé ìdánwò fonẹ́tíìkì wà lórí itan wa.

Ìjọba kò fi ariwo sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2009 ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwọ̀n ariwo ti wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé danfo aláwọ̀ ìyeyè yóò kúrò lójú pópó. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ná Bàrígà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: danfo ni wọ́n lè dá dúró. Ta ló máa na ọwọ́ sí Hilux tí gíláàsì rẹ̀ dúdú, kó ní kí wọ́n yí orin sílẹ̀? Lójú tiwa, gbẹ̀du ti ń rìn padà lọ sáàfin díẹ̀díẹ̀, wọ́n kàn fún un ní táyà mẹ́rin ni. Aláìsàn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì àti ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn kò sì mọ ìyàtọ̀ ti olówó àti ti òṣìṣẹ́. Ògiri tó ń gbọ̀n nìkan ni wọ́n mọ̀.

Nínú danfo, bí wúfà bá ti gba gbogbo inú ọkọ̀, èrò tó bá pariwo pé “Ó wà o!” kò lè dé etí awakọ̀. Kọ́ńdọ̀ ló máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Kò ní bá orin du ohùn. Yóò na ọwọ́ síta láti ẹnu ilẹ̀kùn, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá páànù ara ọkọ̀, gbà-gbà, awakọ̀ á sì tẹ búrékì. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìkẹyìn bá kan ilẹ̀, yóò tún gbá a, awakọ̀ á gbọ́, wọ́n á sì máa lọ.