IKÙN KÍKÚN KÌ Í ṢE ARA LÍLE: oúnjẹ ilé wa láyé ìjọba òyìnbó

Ìtàn ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlera tòní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dópin, pàápàá bí ọmọ tó ń já lẹ́nu ọmú bá wà nílé yín.

Bí a bá dárúkọ Ọ̀fà, ọ̀dùnkún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí, àgbàdo ló tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá? Bẹ́ẹ̀ náà ni ata rodo, gbágùúdá àti tòmátì. Lẹ́yìn 1492 tí àwọn òyìnbó dé ọ̀hún ni ọkọ̀ òkun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wá sí etíkun wa. Iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ilá àti epo pupa ni àwọn baba ńlá wa ti ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fi dé, àgbàdo ti di ọmọ onílé. Ìyá á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta, á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó kan. Ògì dé nìyẹn. Èèrí tó kù lórí asẹ́, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí ń ṣe ara lóore nínú àgbàdo ti bá èèrí yẹn lọ! Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í jẹ ẹ̀kọ lásán. Àkàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀fọ́ tó ní irú àti ẹ̀gúsí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ohun tí ògì pàdánù, ẹ̀wà àti irú ń dá a padà.

Ní 1908, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti dé Ọ̀fà. Bọ́jọ́ ti ń gorí ọjọ́, ṣúgà àti oúnjẹ inú agolo bá a wọlé. Owó ni ìjọba sì ń gbà fún owó orí, nítorí náà àgbẹ̀ ní láti ta nínú irè oko rẹ̀. Ní 1913, ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wá ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ojú irin. Nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀, ó di ọ̀gá àwọn oníbúrẹ́dì ní Èkó. Fúláwà funfun tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n ti yọ èèpo àlìkámà kúrò lára rẹ̀, bíi ti ògì náà ni.

Ta ló wá jìyà ẹ̀? Àwọn ọmọdé ni.

Ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òní, dókítà obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Cicely Williams. Ó ń rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Púpọ̀ nínú wọn ló ń kú. Ó bi àwọn ìyá léèrè, ó rí i pé ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò ni, oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n sì ń fún un. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1933. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gã ń pe àìsàn náà: kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé.

Ẹ ò rí i pé ikùn àwọn ọmọ yẹn kò ṣófo! Ohun tó wà níbẹ̀ ni kò tó ara.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? A máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹran àti ẹyin, yóò di olè. Bàbá ń jẹ ẹran, ọmọ ń mu ẹ̀kọ. Lónìí, ìyá mìíràn á da ṣúgà sí ògì, á ní ó ti dùn. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà kì í mú ọmọ dàgbà.

*Ohun tí a lè ṣe nìyí:*

- Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi oúnjẹ kún un, kí ọmọ sì máa mu ọmú títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- Ẹ má fún ọmọ ní ògì lásán. Ẹ lọ ẹ̀wà, ẹ̀pà, edé tàbí ẹja gbígbẹ sí i.
- Ẹ fún un ní ẹyin. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè.
- Bí ẹ bá rí ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bíi ọsàn, ẹ rà á fún ọmọ. Ó dára fún ojú.
- Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, ẹ má fi àgbo dúró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kọ àti àkàrà, àwọn àgbà wa ti mọ̀ pé wọ́n jọ ń rìn ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé náà rí àkàrà jẹ.

_Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ kan lónìí. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ wa dàgbà o._