Ilẹ̀kùn Ògògà, Ajá Eré Ìje àti Bọ́ọ̀lù ní Wembley

Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì, kì í fín igi pẹlẹbẹ. Lára ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, àwọn ère náà yọ síta bí ẹni tó fẹ́ kúrò lára pákó. Ní apá kan, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn aláàárù gbé Kápútéènì Ambrose, òyìnbó aṣojú ìjọba, wọ̀lú.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní London. Àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á. Ògògà ní òun kò tà. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ló gbà dípò rẹ̀.

Pápá ìṣeré tí wọ́n kọ́ sí ibi àfihàn náà ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ife FA láti 1923 títí di 2000. Àfihàn parí ní 1925, owó kò wọlé mọ́. Oníṣòwò kan, Arthur Elvin, ra pápá náà ní 1927, oṣù Kejìlá ọdún náà ló kó ajá wọ̀ ọ́. Ajá ló gba Wembley là.

Greyhound ni wọ́n ń pè é: ajá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Mẹ́fà ń sá pọ̀, ti àkọ́kọ́ wọ ẹ̀wù pupa, ti ìkejì wọ búlúù. Ajá ọdẹ Èkìtì ń lé ẹran gidi nínú igbó. Àwọn wọ̀nyí ń lé ehoro àtọwọ́dá tí ẹ̀rọ ń fà, àwọn èrò sì ń ta tẹ́tẹ́ lé wọn lórí. Owó náà pọ̀ débi pé nígbà ìdíje Ife Àgbáyé 1966, Wembley kọ̀ láti sún eré ajá síwájú. Nítorí náà, pápá ìṣeré mìíràn, White City, ni Uruguay ti na Faransé 2-1.

Ìdí nìyí tí ẹlẹ́sẹ̀ ayò kan fi lè fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Ìlú Ọba kó di olùkọ́ ajá. Títí di 1961, òfin kò jẹ́ kí owó ọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ju pọ́n-ùn 20 lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn ṣe, ẹni tó sì ti fi ara rẹ̀ ṣe eré mọ ohun tí iṣan ń fẹ́: oúnjẹ tó yẹ, rírìn láàárọ̀, fífi ọwọ́ ra itan.

Agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà kan, Teslim Balógun, náà gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, fún Queens Park Rangers ní ìwọ̀-oòrùn London ní sáà 1956 sí 1957: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13, góòlù mẹ́ta. Nígbà tó padà dé Nàìjíríà, èèyàn ló ń kọ́, kì í ṣe ajá. Ó di olùkọ́ni bọ́ọ̀lù fún Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, èyí tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 1972. Pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè ń rán wa létí góòlù rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ni yẹn ló yẹ kí a máa yìn ín fún jù.