Ibi Tí Ọwọ́ Dúlà Mọ

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá pa òwe yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí ọmọdé àti àgbà máa ran ara wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Apá méjèèjì òwe náà, ohun tí ẹnìkan kò lè ṣe ni wọ́n ń sọ: ti èkíní kò tó, ti èkejì kò wọ̀. Òwe náà kò dárúkọ ìrànlọ́wọ́ rárá. Ibi tí agbára oníkálukú pin sí ló kọ́kọ́ là kalẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọlúàbí láti rò. Ọmọdé tó bá ń fò láti mú nǹkan lórí pẹpẹ yóò dà á nù. Àgbà tó bá fi tipátipá ki ọwọ́ bọ kèrègbè yóò fọ́ ọ. Ẹni tó mọ ibi tí ọwọ́ òun mọ ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ṣeé gbà.

Òwe yìí ló yẹ kí aboyún fi sọ́kàn bó bá fẹ́ gba dúlà. Dúlà ni obìnrin tí aboyún ń sanwó fún kí ó dúró ti òun lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe agbẹ̀bí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá látìgbà tí ìrọbí bá ti mú un gidi títí ọmọ yóò fi ké: kí ó máa fi ọwọ́ tẹ ìbàdí àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó máa bá a mí, kí ó fún un lómi mu, kí ó rán an létí pé kí ó dìde rìn tàbí kí ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tó yé e ṣàlàyé ohun tí àwọn oníṣègùn ń ṣe. Láyé àtijọ́, ìyá aboyún, ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ìyàwó ilé ló ń ṣe é, wọn kì í sì í gbowó. Ó di iṣẹ́ olówó nígbà tí ìbímọ kúrò nílé bọ́ sí ọsibítù, tí ẹbí sì jìnnà. Ọmọ Yorùbá tó lóyún ní Peckham ní London tàbí ní Houston ní Amẹ́ríkà mọ ohun tí à ń wí: ìyá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tó ń retí físà, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ìrọbí kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣé ìdúrótini lásán lè ṣe nǹkan kan? Ní ọdún 1980, John Kennell, Marshall Klaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Guatemala. Wọ́n fi obìnrin tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, tí aboyún kò sì mọ̀ rí, ti àwọn kan nínú àwọn tó ń bí àkọ́bí. Wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí ọsibítù ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tí ìbí wọn kò mú wàhálà dání, àwọn tó ní ẹni lẹ́gbẹ̀ẹ́ lo nǹkan bíi wákàtí 8.8 láti ìgbà tí wọ́n wọlé títí tí wọ́n fi bímọ. Àwọn tó dá wà lo 19.3. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Houston, tó jáde ní 1991, tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pín obìnrin 412 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ní dúlà, àwọn kan ní ẹni tó kàn jókòó sínú yàrá tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, tí kò bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n tún fi àwọn 204 tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe àfiwé. Nínú 100 àwọn tí kò ní ẹnìkan, 18 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n tó bí; lọ́dọ̀ àwọn tó ní ajókòó-má-fọhùn, 13; lọ́dọ̀ àwọn tó ní dúlà, 8. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn oníṣègùn UCH Ìbàdàn tẹ tiwọn jáde ní 2009. Ọkọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dúró ti aboyún níbẹ̀, síbẹ̀ ìrora àti iṣẹ́ abẹ dínkù. Nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane sì kó ìwádìí 26 pọ̀ ní 2017, tó ní ìyá 15,858 nínú, ibì kan náà ni àbájáde wọn lápapọ̀ dorí kọ. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí gbogbo aboyún ní ẹni tó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ìrọbí.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ìwádìí ti Guatemala, Houston àti Ìbàdàn, àwọn tó dúró ti ìyá kò fún un lóògùn, wọn kò sì yẹ ojú ara rẹ̀ wò. Ohun tí ọwọ́ oníṣègùn kò ráyè ṣe ni wọ́n ń ṣe. Nọ́ọ̀sì kan lè máa tọ́jú obìnrin mélòó kan pọ̀, bí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ bá sì pé, yóò lọ sílé. Dókítà ń wọlé, ó ń jáde. Dúlà ni kì í lọ.

Ibi tí tirẹ̀ náà pin sí wà. Dúlà kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í tẹ́tí sí bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù, kì í fúnni lóògùn, kì í sì í gbẹ̀bí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìyá àbíyè nìyẹn. Ní Britain, òfin ló fa iṣẹ́ ìgbẹ̀bí lé àwọn agbẹ̀bí àti dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ gbẹ̀bí àfi bí ó bá di pàjáwìrì. Nítorí náà, bí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, tàbí bí ọmọ kò bá yí nínú rẹ̀ mọ́, ọsibítù ni kí ó kọ́kọ́ pè, kì í ṣe dúlà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò dúró ti aboyún yìí ká àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà lára. Ní 2023, ìyá 50.3 nínú 100,000 ìbímọ ló kú lọ́dọ̀ àwọn obìnrin dúdú ibẹ̀, nígbà tí ti àwọn funfun jẹ́ 14.5. Ọ̀pọ̀ ló ń wá dúlà nítorí ẹ̀rù pé àwọn oníṣègùn kò ní gbọ́ tiwọn. Dúlà tó dáńgájíá kò ní bá dókítà jà. Yóò sọ sétí ìyá pé, “Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é, ṣé ọ̀nà mìíràn wà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá mú sùúrù díẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni yóò wí fún dókítà pé ìyá ní ìbéèrè. Ẹnu ìyá ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ìyá ló ń pinnu.

Nígbà wo ló yẹ kí a wá dúlà? Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà oyún dára, kí ààyè má bàa kún. Kí tọkọtaya jọ bá dúlà méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbowó ìpàdé àkọ́kọ́. Ẹ bi í ibi tó ti kọ́ṣẹ́, àti iye aboyún tó ti dúró tì. Ẹgbẹ́ bíi DONA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ń fún àwọn dúlà ní ìwé ẹ̀rí, Doula UK náà sì wà ní Britain, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kò tó nìkan. Ẹ bi í pé aboyún mélòó ló ní lóṣù yẹn, ta ni yóò rán wá bí òun bá ń ṣàìsàn tàbí tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí ẹ sì rí ẹni náà sójú. Ẹ bi í nípa abẹ́rẹ́ apàrora àti iṣẹ́ abẹ: bí ó bá fajú ro sí i, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá nílò wọn, ojú yóò tì yín níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà tàbí ka Sáàmù nígbà ìrọbí, ẹ sọ fún un ṣáájú.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọsibítù pẹ̀lú. Àwọn kan kì í gbà ju ẹni kan tàbí méjì wọlé, ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba ní Nàìjíríà, tí àwọn aboyún jọ ń rọbí nínú yàrá kan, kì í sì í gba ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni kan péré ni, ẹ mọ̀ bóyá ọkọ ni tàbí dúlà kí ọjọ́ tó pé.

Ní ti owó, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, ó sì lè ju 2,000 lọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń gba owó kékeré. Medicaid, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó, ń san án ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. California bẹ̀rẹ̀ ní January 2023. Doula UK náà ní owó ìrànwọ́ fún àwọn tí kò rí jájẹ. Kí àdéhùn sọ iye ìgbà tí yóò wá kí ọmọ tó dé àti lẹ́yìn tó bá dé, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ de ìpè yín, tó sábà máa ń jẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 38, àti bí owó yóò ṣe padà bí ọmọ bá dé kí òun tó dé.

Ẹbí ṣì kù. Bí físà ìyá ọkọ bá jáde, tí màmá wá bá dúlà ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ wọn, ìjà lè ṣẹlẹ̀. Dúlà tó mọṣẹ́ yóò kúnlẹ̀ kí wọn, yóò sì ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di ọwọ́ wọn mú, ẹ máa kì wọ́n ní oríkì.” Ẹni tó bá fẹ́ lé ìyá tàbí ọkọ kúrò nídìí aboyún, iṣẹ́ rẹ̀ kò yé e.

Ẹ sá fún èyí tó bá ṣèlérí pé wọn kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, èyí tó gbé àgbo wá, àti èyí tó ní kí ẹ má tètè lọ sí ọsibítù kí wọ́n má bàa dá yín lọ́wọ́ kọ́. Ìbéèrè tí ẹ ó fi kásẹ̀ ìpàdé nílẹ̀ ni pé, “Kí ni ẹ kò ní ṣe fún mi?” Bí ó bá ka nǹkan mẹ́rin márùn-ún láì ronú, ẹ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, tó ní kò sí ohun tí òun kò lè ṣe, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ rí ẹlòmíràn.