Ìkòkò Dúdú Charleston

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Òwe yìí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti túmọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀kọ funfun ní òwúrọ̀, tí ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, tí ó sì wá ń fi ìkòkò ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé èédú bò ó lẹ́yìn, aláìmoore ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáná ilé nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ó ń bá ìlú ńlá wí pẹ̀lú. Àwọn ìlú kan wà ní ayé tí ẹwà wọn ń dán, tí oúnjẹ wọn ń ta sánsán, tí àwọn àlejò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n, tí ó sì jẹ́ pé láti inú ìkòkò dúdú ni gbogbo ẹwà náà ti jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn ìlú yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ìwọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ka ìwé yìí, nítorí pé ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀.

Orí ilẹ̀ tóóró kan ni ìlú náà wà, láàárín odò méjì tí a ń pè ní Ashley àti Cooper, ní ibi tí odò méjèèjì ti pàdé kí wọ́n tó wọ inú òkun. Ní ọdún 1670 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó ní òdì kejì odò Ashley, tí wọ́n sì fi orúkọ ọba wọn, Charles Kejì, pè é. Ní ọdún 1680 ni wọ́n ṣí wá sí ibi tí ó wà títí di òní. Bí o bá rìn ní àdúgbò àtijọ́, ìwọ yóò rí àwọn ilé tí a kùn ní ọ̀dà oríṣìíríṣìí, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn láti gba afẹ́fẹ́ òkun. Ìwọ yóò rí àwọn ẹnu-ọ̀nà onírin tí a rọ bí ẹni pé òdòdó ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Philip Simmons, alágbẹ̀dẹ aláwọ̀ dúdú tí a bí ní ọdún 1912, tí ó sì kú ní ọdún 2009. Ní ọdún 1931, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ojú àwọn ilé àdúgbò náà padà láìgba àṣẹ. Òfin irú bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ní ibòmíràn ní Amẹ́ríkà nígbà náà.

Bí ebi bá wá ń pa ọ́, ìwọ kì yóò rìn jìnnà. Wọn yóò gbé ìrẹsì pupa tí a fi tòmátì sè síwájú rẹ, ìwọ yóò sì rò pé o ti dé ibi àsè ìgbéyàwó ní ilé, nítorí pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wa. Wọn yóò fún ọ ní ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a pa pọ̀ sè, èyí tí wọ́n máa ń jẹ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún kí ọdún náà lè sàn wọ́n. Ọbẹ̀ ilá wà níbẹ̀, ọbẹ̀ alákàn wà níbẹ̀, edé tí a gbé lé orí àgbàdo tí a lọ̀ tí a sì rò bí ẹ̀kọ gbígbóná wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí a fi yànmọ̀tí ṣe. «Benne» ni wọ́n ń pe yànmọ̀tí náà, orúkọ tí ó ti ẹnu àwọn ènìyàn agbègbè Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà wá. Àní, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pe ilá, láti inú èdè Ìgbò ni ó ti wá. Ahọ́n òyìnbó ti ń pe ọ̀rọ̀ Áfíríkà láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, láìmọ̀ pé òun ń pè é.

Ọlọ́gbọ́n àlejò kì í jẹun tán kí ó kàn nu ẹnu. Ó yẹ kí ó béèrè pé, «Ta ni ó gbìn ín? Ta ni ó sè é? Báwo ni ó ṣe dé ìhín?»

Ìrẹsì ni ó sọ Charleston di ọlọ́rọ̀. Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó dé ìdajì, ìrẹsì ti di olórí ọjà tí wọ́n ń kó láti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun, ìlú náà sì wà lára àwọn tí ó lọ́rọ̀ jùlọ nínú gbogbo ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í ṣe ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbìn ní ilẹ̀ wọn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbìn ni àwọn ará etíkun Áfíríkà, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Sàró, tí àwọn baba ńlá wọn ti ń gbìn ín tipẹ́tipẹ́. Àwọn olówò ẹrú Charleston mọ èyí dájú, nítorí pé wọ́n a máa polówó nínú ìwé ìròyìn pé láti Etíkun Ìrẹsì ni ẹrú tí àwọn kó dé ti wá. Kì í ṣe apá nìkan ni wọ́n rà. Wọ́n ra orí pẹ̀lú.

Wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Àwọn ẹrú ni ó gé igi inú àbàtà, tí wọ́n mọ ògiri amọ̀ yí oko ká, tí wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn omi sí i lára. Nígbà tí òkun bá ń kún, a máa ti omi odò padà sẹ́yìn. Nígbà náà ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn kí omi dídùn lè wọ oko. Nígbà tí òkun bá fà, wọ́n a ṣí i kí omi lè jáde. Inú ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀fọn àti ejò, ibà sì ń pa wọ́n. Bí ìkórè bá dé, inú odó ni wọ́n ti ń gún ìrẹsì, orí àtẹ tí wọ́n fi koríko hun ni wọ́n sì ti ń fẹ́ ẹ. Títí di òní, àwọn ọmọ wọn ṣì ń hun agbọ̀n koríko náà, wọ́n sì ń tà á ní ọjà Charleston àti ní ẹ̀bá ọ̀nà Mount Pleasant.

Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nínú gbogbo ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ti àríwá, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gba èbúté Charleston wọlé. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà, àwọn ará Sàró àti àwọn ará Àǹgólà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tiwa tí a tà, Bràsíìlì àti Kúbà ni púpọ̀ nínú wọn lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan, Lorenzo Dow Turner, lọ tẹ́tí sí èdè Gullah tí àwọn ará erékùṣù ẹ̀bá Charleston ń sọ, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1949, ó rí orúkọ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá láàárín àwọn ti Mẹ́ńdè àti ti Kóńgò. A ta ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ kò ṣe é tà.

Gbọ́ èyí nísinsìnyí, ọmọ mi, nítorí òun ni ó kàn ọ́ jùlọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 1739, àwọn ẹrú kan ṣọ̀tẹ̀ ní ẹ̀bá odò Stono, tí kò jìnnà sí Charleston. Nígbà tí wọ́n ti ṣẹ́gun wọn tán, àwọn aláṣẹ ṣe òfin ní ọdún 1740. Òfin náà kọ ìlù lílù àti fèrè fífọn fún ẹrú, ó sì kọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ. Ní ọdún 1834, òfin mìíràn ka ìwé kíkà pàápàá mọ́ ọn. Èéṣe tí ẹni tí ó ní ìbọn àti ẹ̀wọ̀n fi ń bẹ̀rù kálámù? Nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá lè kàwé yóò béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì ń béèrè ọ̀rọ̀ kò ní pẹ́ di òmìnira.

Ọkùnrin kan tí òfin yìí dè ni Robert Smalls. Ẹrú ni, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń ṣe ní Charleston nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1861. Ní òru ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1862, nígbà tí àwọn òyìnbó ọ̀gá ọkọ̀ Planter lọ sùn sí ilé, Smalls dé fìlà ọ̀gá rẹ̀, ó kó aya àti ọmọ rẹ̀ àti ará àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì wà á kọjá níwájú àwọn ìbọn ńlá. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ó fọn fèrè ọkọ̀ bí ó ti yẹ, àwọn olùṣọ́ sì rò pé ọ̀gá gan-an ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ogun ìjọba Àríwá. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ìwé kíkà. Ní ọdún 1868, ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó kọ ìwé òfin tuntun fún South Carolina, ó sì ja fún ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ní ọdún 1875, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ olùkọ́, èmi tí mo ti lo ayé mi nínú iṣẹ́ olùkọ́ kò sì lè sọ ìtàn rẹ̀ láìṣí fìlà. Septima Clark ni orúkọ rẹ̀. Charleston ni a bí i sí ní ọdún 1898. Ẹrú ni a sì bí baba rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ní ọdún 1916, ó fẹ́ kọ́ni, ṣùgbọ́n ìlú náà kì í gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Johns Island. Níbẹ̀, òun àti olùkọ́ kan ń kọ́ ọmọ 132. Àwọn òyìnbó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn níbẹ̀ tí ọmọ mẹ́ta péré wà nínú rẹ̀. Ó bá àwọn mìíràn kọ ẹ̀bẹ̀ kiri, ní ọdún 1920 ìlú sì gbà kí aláwọ̀ dúdú máa kọ́ni. Ní ọdún 1956, lẹ́yìn ogójì ọdún nínú iṣẹ́, wọ́n lé e kúrò nítorí pé ó kọ̀ láti fi ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá a lọ.

Kí ni ó ṣe? Kò jókòó sọkún. Ní ọdún 1957, òun àti Esau Jenkins àti Bernice Robinson dá ilé-ẹ̀kọ́ àgbàlagbà sílẹ̀ ní Johns Island. Ṣọ́ọ̀bù ni iwájú ilé náà, kí àwọn ọ̀tá má baà fura. Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀kọ́ wà. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ lè ka ìwé òfin ìpínlẹ̀. Bernice Robinson tí ó ń kọ́ wọn, iṣẹ́ irun ṣíṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ jẹ́ àgbàlagbà tí ọwọ́ wọn ti le nínú iṣẹ́ oko, tí kálámù sì ń ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti inú yàrá ẹ̀yìn yẹn ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti tàn ká gbogbo ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1976, ìjọba dá owó ìfẹ̀yìntì Septima Clark padà fún un, ó sì kú ní ọdún 1987.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìlú Charleston tọrọ àforíjì fún ipa tí ìlú náà kó nínú òwò ẹrú. Ní ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní etí omi, ní ibi tí èbúté Gadsden wà láyé àtijọ́, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ náà. Ìlú tí ó ti ń fi ẹ̀kọ funfun han àlejò láti ìgbà pípẹ́ ti gbà nísinsìnyí láti fi ìkòkò hàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n má ṣe na ìka sí Charleston nìkan. Ẹni tí ó rà wà ní òkè òkun. Ẹni tí ó tà wà ní ilé. Àgbádárìgì àti Èkó jẹ́ èbúté ẹrú, ogun tí àwọn baba wa bá ara wọn jà sì ni ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn débẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mu omi odò gbọ́dọ̀ gbà pé ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, ìwọ òǹkàwé, bí o bá dé ìlú tí ó lẹ́wà, ìbáà jẹ́ Charleston tàbí ìlú baba rẹ, jẹ oúnjẹ rẹ̀, yin ilé rẹ̀, kí o sì béèrè ẹni tí ó ṣe wọ́n. Má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àgbẹ̀ tàbí alásè, nítorí ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé ni ó kọ́ ìlú ńlá kan. Bí ọjọ́ bá sì dé tí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ sú ọ, tí o fẹ́ sọ ìwé rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, rántí àwọn àgbàlagbà mẹ́rìnlá tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Johns Island. Ohun tí wọ́n fi ń wá a ní ìkọ̀kọ̀, ìwọ ní in lọ́wọ́ ní gbangba. Ṣí i, kí o sì kà á.