Ìtọ̀ Aláwọ̀ Aró: Ọba George Kẹta àti Ẹjọ́ Tí Kò Tíì Tán

Àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ ò ní ẹ̀rọ tó ń wo inú ara. Ojú, imú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń yẹ ìtọ̀ aláìsàn wò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí a fi mọ̀ lónìí bí ìtọ̀ ọba kan ṣe rí ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn.

Ọba náà ni George Kẹta ti Ìlú Ọba, tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 1760. Ní 1788, inú rírun bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, oorun ti dá lójú rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdákẹ́, títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn oníṣègùn rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí àìsàn náà padà dé lẹ́yìn náà, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ pé ó ní àwọ̀ aró. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n kọjá lọ.

Wèrè ni wọ́n ní ó ń ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sí Kew, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Francis Willis, ẹni tó ní ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ. Willis gbé ẹ̀wù kan wọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n fi ń de ọwọ́ mọ́ ara. Ẹ fojú inú wò ó: kábíyèsí ni wọ́n dì bí ẹrù! Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń jiyàn lórí bóyá kí ọmọ rẹ̀ di adelé. Ní oṣù kejì 1789, ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ó tún padà ní 1801, 1804 àti 1810. Ní 1811, ọmọ di adelé. Bàbá fọ́jú, ó sì kú ní 1820.

Ní 1966, Ida Macalpine àti ọmọ rẹ̀, Richard Hunter, tí àwọn méjèèjì jẹ́ dókítà ọpọlọ, gbé ọ̀rọ̀ tuntun jáde nínú British Medical Journal. Wọ́n ní porphyria ló ṣe ọba. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àwọ̀ elésè àlùkò ni orúkọ yẹn ti wá. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni ara ń gbà ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, ohun tí kò tíì jinná á kó jọ, a sì máa bá ìtọ̀ jáde. Bí irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìmọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lè pọ́n tàbí kó dúdú. Inú rírun líle àti ọkàn tó dàrú náà máa ń bá a rìn.

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ẹ̀ bára mu. Fíìmù The Madness of King George, tó jáde ní 1994, gbé ìtàn náà káàkiri ayé. Ní 2005, àwọn onímọ̀ rí àṣẹ́nìkì púpọ̀ nínú irun orí ọba tí wọ́n tọ́jú. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú oògùn tí wọ́n fún un ló ti wá, àti pé májèlé yẹn lè ru porphyria sókè.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ní 2010, Timothy Peters àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tún àwọn ìwé náà yẹ̀ wò. Wọ́n ní Macalpine àti Hunter ṣa èyí tó gbè wọ́n nìkan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìtọ̀ ọba ní àwọ̀ tó yẹ kó ní. Ti aró yẹn ńkọ́? Wọ́n máa ń fún un ní gentian, ewéko kan tí wọ́n ní ó lè pa ìtọ̀ láró. Lójú Peters, àìsàn ọpọlọ gan-an ni.

Àwa ò ní dá ẹjọ́ náà. Lónìí, dókítà kì í fi ojú lásán mọ porphyria. Ilé àyẹ̀wò ló ń wọn èròjà inú ìtọ̀. Kò sì sí ìtọ̀ George mọ́. Ohun tó jẹ wá lógún ni ìdí tí ìròyìn 1966 fi dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀: ó yọ orúkọ wèrè kúrò lára ìdílé ọba. A mọ irú ìtura bẹ́ẹ̀ nílé tiwa náà. Ibà ni, wọ́n ṣe é ni, ohunkóhun tí kì í bá ti ṣe wèrè. Bíi pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu yẹ fún àánú, tí ẹni tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu ò yẹ.

Bó jẹ́ porphyria ni o, bó jẹ́ ọpọlọ ni o, ẹ̀wù yẹn kò tọ́ sí i.