Ta Ló Sọ Síníà Lórúkọ?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níwájú mi ní kíláàsì nígbà kan ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ra irúgbìn òdòdó síníà, ó fẹ́ gbìn ín sẹ́yìn ilé kó lè máa rí òdòdó gé wọlé. Kò béèrè ju bí òun ṣe máa gbìn ín lọ. Màá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí: ká tó débẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìtàn díẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta wá ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ síníà lórúkọ? Mẹ́síkò ni ilé òdòdó yìí, níbi tó ti ń hù fúnra rẹ̀ nínú pápá àti lórí òkè gbígbẹ. Göttingen ní Jámánì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Johann Gottfried Zinn, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ibẹ̀, ló ń bójú tó ọgbà ewéko wọn láti 1753. Onímọ̀ ẹ̀yà ara ni pẹ̀lú. Ní 1755 ó tẹ ìwé jáde lórí ojú ènìyàn, àwọn oníṣègùn ojú sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn okùn tín-ín-rín tó di awò ojú mú títí dòní. Ó kú ní 1759, ẹni ọdún 31 péré. Ọdún yẹn náà ni Carl Linnaeus ará Sweden gbé orúkọ Zinnia jáde, kí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà má bàa parun.

N kò bá Zinn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo èyí tí à ń gé sínú ilé lónìí. Ní 1791, Antonio José Cavanilles ní Madrid pè é ní Zinnia violacea. Kò pẹ́ sígbà náà, Nikolaus Joseph von Jacquin ní Vienna pe òdòdó kan náà ní Zinnia elegans. Ọ̀mọ̀wé méjì, orúkọ méjì. Ọwọ́ tó ká irúgbìn náà ní Mẹ́síkò, tó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tó dì í kó lè la òkun kọjá, kò wọnú ìkankan nínú orúkọ méjèèjì.

Orúkọ ò sì sọ òdòdó náà di ńlá. Ìpele ewé òdòdó kan ṣoṣo ló ní nígbà yẹn. Ó di nǹkan bí 1860 kí onípele púpọ̀ tó dé ọjà nílẹ̀ Faransé. Nígbà tó yá, John Bodger, àgbẹ̀ onírúgbìn ní California, rí síníà kan láàárín oko tó tóbi tó yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Òun kọ́ ló dá a. Ó kàn rí i, ó sì tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Ní nǹkan bí 1920 ló gbé e jáde ní Giant Dahlia, ara rẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣa California Giants jáde lẹ́yìn náà. Ní Jámánì, ìdílé Benary ti ń ta irúgbìn ní Erfurt láti 1843. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó lọ sí Hann. Münden. Benary's Giant wọn wà lára èyí tí àwọn olódòdó fẹ́ràn jù láti gé tà. Ẹ wo máàpù: Hann. Münden ò jìnnà sí Göttingen rárá.

Ó yá, ìwọ tó o béèrè, gbọ́ tìrẹ. Ibi tí oòrùn ti ń pa dáadáa ni kó o wá. Gbin irúgbìn náà sílẹ̀ tààrà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í fẹ́ ìyọlẹ́nu. Kí iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje, á ti máa hù. Fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 sáàárín wọn. Bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè kọjá, ohun funfun bí ìyẹ̀fun á bo ewé. Ìdí rẹ̀ ni kó o máa bomi sí, kì í ṣe orí ewé. Tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, já ọ̀mùnú orí rẹ̀. Ó lè dùn ẹ́, ṣáà já a: ẹ̀ka á yọ lọ́tùn-ún lósì. Bí oṣù méjì bá ń kọjá lọ, òdòdó ti dé. Kó o tó gé e, di ọ̀pá rẹ̀ mú nísàlẹ̀ òdòdó, kó o mì ín. Bí ọrùn rẹ̀ bá dúró gan-an, ó yá. Bó bá ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, fi í sílẹ̀. Àárọ̀ ni kó o gé e, lókè ibi tí ewé méjì ti yọ, kó o sì kì í bọ omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bá a bá ṣe ń gé e náà ló ń tanná sí i. Irúgbìn ló ń wá. Bí a bá gé e kó tó so, á tún rudi. Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Èyí tó dára jù là ń gé lọ sílé, èyí tó kù díẹ̀ káàtó là ń fi sílẹ̀ kó so. Ẹni tó bá ń ká irúgbìn bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ba ọgbà rẹ̀ jẹ́. Èyí tó dára jù ni Bodger fi sílẹ̀ kó gbẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ so òwú mọ́ èyí tó wù yín jù, kẹ́ ẹ má gé e. Tí orí rẹ̀ bá gbẹ, tó di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ tú u; ìdí ewé òdòdó ni irúgbìn wà. Bí páálí tẹ́ ẹ rà bá sọ pé F1 ni, ọmọ lè má jọ ìyá. Oyin náà á sì da àwọ̀ pọ̀ fún yín, ẹ má bínú sí i. Ẹ sá a síbi òjìji, kẹ́ ẹ dì í sínú bébà, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ká a sára bébà náà, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ká a.